ÒFIN NÌKAN KÌ Í JÍ ILẸ̀
Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa bá àwọn àgbẹ̀ etí òkun Àgbádárìgì sọ

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ Àjárá, Gbẹ̀rẹ̀fù àti Ìworo, ẹ̀yin ìyá wa tó ń gbin ẹ̀fọ́ lórí iyanrìn,

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iyanrìn ni ilẹ̀ wa. Ajílẹ̀ òyìnbó tí ẹ fọ́n lónìí, bí òjò ńlá bá rọ̀, ó ti bá omi wọlẹ̀ lọ. Òmíràn nínú àwọn oògùn apakoríko náà ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ kànga tí à ń mu kò jìn.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de Paraquat, oògùn apakoríko tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a bi yín: kí lẹ rí gbà dípò rẹ̀? Ẹni tó ní kí o bọ́ ẹ̀wù rẹ, ṣé kò yẹ kó fún ọ ní òmíràn?

Ní Sri Lanka, ní ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ fòfin de gbogbo ajílẹ̀ òyìnbó lójijì. Ìkórè ìrẹsì wálẹ̀, oúnjẹ wọ́n, kí ọdún tó parí wọ́n ti yí òfin náà padà. A ò ní fi yín dán irú ìyẹn wò. Díẹ̀díẹ̀ ni ká fi kúrò nínú oògùn, kí ebi má pa àgbẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà. Ẹ sọdá Sẹ̀mẹ̀, ẹ dé Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ni Fadá Godfrey Nzamujo ti dá oko Songhai sílẹ̀ ní 1985, lórí hẹ́kítà kan péré. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìyókù ń di ajílẹ̀. Omi adágún ẹja ni wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Kódà ewéko orí omi, irú èyí tó ya wọ ọ̀sà wa ní 1984 tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń rí i lò.

Nítorí náà, bí ẹ bá dìbò fún wa, ohun tí ẹ ó máa bi wá nìyí: níbo ni ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀ fún wa? Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mélòó ló ti dé abúlé wa? Ta ni yóò ra irè wa nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń bọ̀ sípò? Bí a kò bá rí èsì fún yín, ẹ fi ìbò lé wa lọ bí ẹ ti fi gbé wa dé.

Ohun tó ń jí ilẹ̀ là ń pè ní ajílẹ̀. Ẹ jáde dìbò, kí ilẹ̀ wa lè jí!