Oògùn Tó Ń Mú Oúnjẹ Dà: Ṣé Ó Léwu Lóòótọ́?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: tí oògùn kan bá ti ṣe àwọn ọmọ kan ní jàǹbá rí, ṣé ó yẹ kí òbí ṣì máa fún ọmọ rẹ̀?

Mi ò kí í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n gé e, kí n tò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa. Àbúrò ìyá mi ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ rẹ̀ kejì sì ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní cystic fibrosis. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí wa pé oògùn tí ọmọ náà ń lò máa ń ba ìfun ọmọdé jẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Àǹtí mi pé kó dá a dúró, títí kan àwọn tí kò lè pe orúkọ àìsàn náà. Àǹtí bi mí pé, "Ìwọ tó o máa ń wádìí ọ̀rọ̀, ṣé òótọ́ ni?" Mo wádìí rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àìsàn náà. Àjogúnbá ni. Bí ti sickle cell, fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kí ó tó mú un. Ó pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú náà ń ní in. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí omi ara tó yẹ kó máa ṣàn dáadáa ki bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó ń dí ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń dí ojú ọ̀nà pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tó máa ń tú ẹ́ńsáìmù sínú ìfun kí oúnjẹ lè dà. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, ọmọ á jẹun yó, ara ò ní rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa yọ ọ̀rá, á máa rùn gan-an, ọmọ náà á sì máa rù.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé kápúsù ẹ́ńsáìmù mì tí wọ́n bá ń jẹun. Láti ara pancreas ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Lípéèsì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá, nọ́ńbà tí ẹ bá rí lára ìgò, bíi 10,000 tàbí 25,000, yúníìtì lípéèsì ni.

Ó yá, jàǹbá tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé kápúsù alágbára jáde, kí iye tí ọmọ ń gbé mì lè dín kù. Ọ̀rọ̀ tó dára ni lójú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, àwọn dókítà ní Liverpool kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa ọmọ márùn-ún tí ìfun ńlá wọn ti nípọn, tó ti lé àpá, tó sì ti fún débi pé ìgbẹ́ ò rọ́nà kọjá. Nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti gbé àwọn ọmọ náà sórí kápúsù alágbára. Fibrosing colonopathy ni wọ́n sọ ìṣòro náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà wádìí tiwọn, wọ́n gbé e jáde ní 1997. Wọ́n rí aláìsàn 29. Ní ìpíndọ́gba, àwọn tí ìfun wọn bàjẹ́ ń lo nǹkan bí 50,000 yúníìtì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn, tí nǹkan kan ò ṣe, ń lo nǹkan bí 19,000. Bí ìwọ̀n ṣe ń ga sí i ni ewu ń pọ̀ sí i.

Ìdajì tí WhatsApp wa ò sọ nìyẹn. Látìgbà náà ni àwọn dókítà ti fa ìlà: kó má kọjá 10,000 yúníìtì lípéèsì fún kílò kan lójúmọ́, kó má sì kọjá 2,500 fún kílò kan lórí oúnjẹ kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 20, òpin rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ 200,000. Tí kápúsù rẹ̀ bá jẹ́ ti 10,000, ogún ni. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 25,000, mẹ́jọ péré ni. Ìyá tó ń ka kápúsù láìka nọ́ńbà ara ìgò lè ṣe àṣìlò láìmọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé òpin yìí, ìṣòro ìfun náà ti ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá a dúró ńkọ́? Ewu ń bẹ níbẹ̀ náà. Ọmọ ò ní dàgbà bó ṣe yẹ, fítámì inú ọ̀rá bíi A, D, E àti K ò ní wọ ara rẹ̀, oúnjẹ tí kò dà sì lè kórajọ di ìfun. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti rù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò ní lágbára láti bá àrùn jà. Torí náà, a ò lè fi ìbẹ̀rù ọdún 1994 pa ọmọ òde òní lébi.

Ọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ta oògùn yìí láìjẹ́ pé FDA yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ, agbára inú ìgò kan sì lè yàtọ̀ sí òmíràn. Ní 2004 ni FDA pàṣẹ pé kí gbogbo wọn wá gba àṣẹ, gbèdéke ìkẹyìn sì wá jẹ́ 2010.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Karùn-ún 2024, ìjọba ṣe ìkìlọ̀ pé Creon, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ò tó mọ́. Ìgbà tí oògùn bá wọ́n báyìí ni wọ́n máa ń pààrọ̀ irú kan sí òmíràn. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ la ojú yín sílẹ̀, kí ẹ bi apoògùn pé, "Yúníìtì mélòó ló wà nínú èyí?"

Ohun tí mo sọ fún Àǹtí mi nìyí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ hóró inú rẹ̀ lẹ́nu, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Ó lè dá egbò sí ẹnu. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ tú u sórí oúnjẹ rírọ̀ tó kan díẹ̀, bíi ápù tí wọ́n sè tí wọ́n lọ̀, kó gbé e mì lójú ẹsẹ̀, kó sì fi omi tẹ̀ lé e. Ọsàn lásán ò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo léfòó lórí rẹ̀ nílò rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ẹ má fi ìgò náà sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Ooru ń pa agbára rẹ̀. Tí agbára rẹ̀ bá ti lọ, ìgbẹ́ ọlọ́ràá á padà, òbí á sì rò pé kápúsù ni kò tó.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ lóminú, gbogbo kápúsù irú rẹ̀ tí FDA fọwọ́ sí, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló gbà á láyè nítorí pé kò sí ọ̀nà míì. Ẹ bi àlùfáà yín kí ẹ tó dá a dúró, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ikùn bá ń ro ọmọ léraléra, tó wú, tó ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ má fi kún oògùn, ẹ má dín in kù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, nítorí àpọ̀jù àti àìtó lè fara jọra lójú ẹni tí kò mọ̀.

Àǹtí mi ò dá a dúró. Ó ní kí dókítà tún wọn ọmọ náà, kí wọ́n jọ ṣírò rẹ̀ lórí tákàdá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó nílò rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.