Ìyà Kì Í Ṣe Ìjọ́sìn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ìyá ọmọ òrukàn sọ níbi ìpàdé pínpín saka ní Ìsọlọ̀

   

Sùúrù ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún Alága pé apá tí a kì í sábà yẹ̀ wò ni mo fẹ́ mú. Ó pẹ́ tí a ti ń wàásù sùúrù fún àwọn tí nǹkan kò rọgbọ fún, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé ìyà fúnra rẹ̀ ni ìjọ́sìn, pé bí ènìyàn bá ṣe ń jìyà tó ni ó ṣe ń sún mọ́ Ọlọ́hun tó. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa kọ́ ni èyí. A jogún rẹ̀ ni, ó sì ń pa àwọn ènìyàn lára ní àdúgbò wa yìí.

Kí á tó pín saka, ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò wa a máa lọ láti ilé dé ilé. Ohun tí à ń bá pàdé lemọ́lemọ́ ni ìyá tí kò fẹ́ kí á kọ orúkọ òun sílẹ̀. Yàrá kan, ọmọ mẹ́rin, bàbá wọn ti kú, gàrí ni wọ́n ń mu lọ́sàn-án, gàrí ni wọ́n ń mu lálẹ́. Ìyá á ní, “Ẹ fún ẹlòmíràn, tèmi ti di ti Ọlọ́hun.” Àwọn ará ilé á máa yìn ín lẹ́yìn wa pé obìnrin náà mà nífaradà o, kò sọ fún ẹnì kan rí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ kejì ti kúrò ní ilé-ìwé, ó ń sá tẹ̀lé mọ́tò ní Òṣòdì, ó ń ta omi inú ọ̀rá. Ta ni ìfaradà yẹn wá ṣe lóore? Kì í ṣe ọmọ yẹn.

Àwọn kan á sọ pé Àlùkùránì ló yin irú ìyá bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, nínú Suratul Baqarah, aaya 273, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláìní tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò pè ní ọlọ́rọ̀ nítorí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn. Ṣùgbọ́n ta ni aaya náà ń bá wí? Ẹni tí ó fẹ́ náwó ni. Ó ń sọ fún un irú ẹni tí yóò wá kiri. Kò sí níbẹ̀ pé kí aláìní lọ fara pamọ́. Àwa tí ó yẹ kí á wá wọn ni a kò wá wọn, a wá sọ fífara-pamọ́ wọn di ẹ̀ṣọ́ ẹ̀sìn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn méjì nínú hádíìsì. Anas ọmọ Malik ni ó gba èkíní wá. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dì mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Ó béèrè ohun tí ó dé. Wọ́n ní bàbá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn. Ànábì ní Ọlọ́hun kò nílò kí ọkùnrin yìí máa fìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì ní kí ó gun ohun ìgùn. Ibn Abbas ni ó gba èkejì wá. Ànábì ń ṣe kutuba lọ́wọ́ nígbà tí ó rí ọkùnrin kan tí ó dúró gbọnyin. Wọ́n ní Abu Israil ni, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní jókòó, òun kò ní bọ́ sí ibòòji, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun yóò sì gba ààwẹ̀. Ànábì ní kí wọ́n sọ fún un kí ó sọ̀rọ̀, kí ó bọ́ sí ibòòji, kí ó jókòó, kí ó sì parí ààwẹ̀ rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa. Nínú ohun mẹ́rin tí ọkùnrin yìí dì lẹ́rù, ọ̀kan ṣoṣo ni ìjọ́sìn, òun nìkan ni Ànábì fi sílẹ̀ fún un. Mẹ́ta tó kù, ìyà lásán ni, ó sì gbà á kúrò lórí rẹ̀.

Mo rí i pé àwọn ààfáà wa kan ti ń wò mí tìfura-tìfura. Ẹ ní sùúrù fún mi. (Sùúrù tí mo wá sọ náà nìyẹn.) N kò sọ pé kò sí àdánwò, n kò sì sọ pé kò sí ẹ̀san fún ẹni tí ó fara dà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀san wà lórí sùúrù, kò sí lórí ìyà. Ẹ wo Ànábì Ayyub tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo aláìsàn. A máa ń ka ìtàn rẹ̀ dé ìdajì. Nínú Suratul Anbiyaa, aaya 83 àti 84, Ayyub ké pe Olúwa rẹ̀ nípa ìnira tó bá a, Ọlọ́hun sì dá a lóhùn, Ó mú ìnira náà kúrò, Ó dá àwọn ará ilé rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí ó ní sùúrù jù lọ ni ó ké yẹn o! Ànábì wa fúnra rẹ̀ a máa tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò níbi òṣì, inú àdúà kan náà tí ó ti ń tọrọ ìṣọ́ kúrò níbi kèfèrí ni ó sì ti ń tọrọ rẹ̀.

Níbo ni a ti wá rí tiwa? Mo rò pé ilé ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ opó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, bí ọkọ bá kú, ìyàwó a sùn sórí ẹní tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, a tú irun rẹ̀ sílẹ̀, a wọ aṣọ kan láìpààrọ̀, kò sì ní wẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ó bá rù, tí ó dọ̀tí, tí ojú rẹ̀ wọnú, wọ́n á ní ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Bí ó bá mọ́ tónítóní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí ó mọ̀ nípa ikú náà. Ìyà ni ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá a láre. Ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ ni kí opó dúró fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10, bí ó bá sì lóyún, títí tí yóò fi bímọ. Kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní lo lọ́fínńdà, a kò sì ní máa tọrọ rẹ̀ fún ìgbéyàwó ní gbangba. Kò sí ibì kan tí a ti ní kí ó má wẹ̀, kí ó má jẹun gidi, kí ó má sùn sórí ibùsùn. Síbẹ̀ mo mọ ilé mùsùlùmí níhìn-ín, ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú yàrá opó lọ́jọ́ kẹta.

Ibẹ̀ kọ́ ni ó sì máa ń parí sí. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ bá dé láti pín ohun tí òkú fi sílẹ̀, a ó tún rán àgbàlagbà kan sí i pé kí ó ní sùúrù, kí ó má béèrè. Suratun Nisaa, aaya 12, ti sọ ìpín rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin bí ọkọ kò bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ó bá ní, lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè, tí a sì ti yọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ nínú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Kí a ní kí ènìyàn ní sùúrù lórí ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún un, a kàn ń jà á lólè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ ni.

Ti ọmọ òrukàn burú ju ti ìyá rẹ̀ lọ, nítorí ọmọ kò mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè. A ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan. Òun ni yóò kọ́kọ́ jí, òun ni yóò sùn kẹ́yìn, òun ni yóò fọ abọ́ tí àwọn ọmọ onílé fi jẹun. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìyà ni yóò sọ ọ́ di ènìyàn, ṣé òrukàn kọ́ ni Ànábì ni? Òrukàn ni. Bàbá rẹ̀ kú kí a tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6, bàbá àgbà rẹ̀ Abdul-Muttalib kú nígbà tí ó pé 8, ó wá bọ́ sọ́wọ́ Abu Talib. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́hun ń ka oore tí Ó ṣe fún un nínú Suratud Duhaa, jíjẹ́ òrukàn kọ́ ni Ó kà sí oore. Ibùgbé tí Ó fún un ni Ó kà. Ilé tí wọ́n ti gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ ni ó dàgbà sí. Òfin ìlú náà kò fàyè gba ohun tí à ń ṣe yìí mọ́: ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, fífi ọmọdé kiri ọjà wà lára ohun tí ó kà léèwọ̀.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè wa kí n má dárúkọ Òkè-Afá. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn ológun ní Ìkejà bú gbàmù. Àwọn ènìyàn ń sá nínú òkùnkùn, ewéko ti bo ojú odò Òkè-Afá, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. A fi hádíìsì tu àwọn tó kù nínú pé ṣàhídì ni ẹni tí omi gbé lọ. Òótọ́ ni, ìtùnú ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n kí òkú jẹ́ ṣàhídì kò sọ pé kí alààyè má béèrè ìdí tí bọ́ǹbù fi wà láàárín ilé, kò sì sọ pé kí á má béèrè ta ni yóò bọ́ ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn alẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ náà ti di àgbà báyìí. Ìtùnú nìkan ni ó kan àwọn kan nínú wọn.

Ẹ̀yin olówó wa, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin náà gba ìyà gbọ́, ti ẹlòmíràn ni. A ń sọ pé bí a bá fún wọn jù, wọn yóò ya ọ̀lẹ, wọn yóò gbàgbé Ọlọ́hun. Nítorí náà a ó pín kóńgò ìrẹsì kan àti owó ọkọ̀, a ó tò wọ́n sórí ìlà nínú oòrùn, a ó ya fọ́tò. Abu Israil ìgbà wa ni àwọn tó wà lórí ìlà yẹn, kìkì pé àwa ni a jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà fún wọn. Sayyidina Umar ni wọ́n gbà wá pé ó sọ pé bí ẹ bá ń fún ènìyàn ní saka, ẹ fún un títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwa tí owó wa bá sì ti tó iye gíráàmù wúrà 85, tí ọdún sì yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni a ń yọ. Tálákà ni ó ni ìdá yẹn.

Nígbà tí wọ́n wó ọjà Owónífàárí ní Òṣòdì ní January 2016, ọ̀pọ̀ ìyá ni ọjà rẹ̀ bá a lọ pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. A ní kí wọ́n gba kádàrá. Onígbèsè wà nínú àwọn mẹ́jọ tí Suratut Tawbah, aaya 60, ka saka sí lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ẹnì kan sọ fún? Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni: gbèsè kékeré tí a lè san nínú saka ọdún kan ni ó padà lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé.

Ti àìsàn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tí dókítà ní kí ó má gba ààwẹ̀, kí ó má gbà á. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ, oúnjẹ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ìràpadà rẹ̀. Ọmọ tí ó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì-rọbọtọ tí egungun ń ro, ẹ má sọ fún un pé kí ó ṣe ọkùnrin. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Ànábì ní kí á máa wá ìwòsàn.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá méjì tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni sétí ìjọ, a kò sì ní ya fọ́tò láti oṣù yìí lọ. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, kí ó sọ iye rẹ̀. Opó tí wọ́n kò tíì fún ní ìpín rẹ̀, kí ó sọ, ìgbìmọ̀ yóò bá ẹbí náà jókòó. Bí ẹ bá sì mọ ìyá tí kò ní wá, tí yóò ní kí á fún ẹlòmíràn, ẹ fún wa ní nọ́ńbà ilé rẹ̀.