Àlá Tí Alálàá Mọ̀ Pé Àlá Ni

Àlàyé yìí, fún àwọn olùgbọ́ ní Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀, dá lórí àlá tí alálàá mọ̀, kó tó jí, pé àlá ni òun ń lá. Ní 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne fi ẹ̀rọ gba àmì tí Alan Worsley fi ẹyinjú ṣe láti ojú àlá, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí pé irú àlá bẹ́ẹ̀ wà.

Àsìkò tí ẹyinjú ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú ni irú àlá yìí sábà máa ń wáyé. Àsìkò yìí ń padà wá ní gbogbo nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, ó sì ń gùn sí i bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀.

Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń lá irú àlá yìí gbọ́dọ̀ kọ àlá rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó rọ́ ọ fún ará ilé, ní kété tó bá jí. Lọ́sàn-án, ìbáà jẹ́ lóko ẹ̀gẹ́ tàbí lọ́jà, kó máa bi ara rẹ̀ bóyá àlá ni, kí ó lè mọ́ ọn lára dé ojú àlá, kó fún imú rẹ̀ pa, kó sì gbìyànjú láti fi í mí: lójú ayé, èémí kò ní kọjá, ṣùgbọ́n lójú àlá, ó sábà máa ń kọjá.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fi oorun du ara rẹ̀, nítorí ara tó ti roko láti àárọ̀ nílò ìsinmi ju àlá lọ.