"A Kò Rí I" Yàtọ̀ sí "Kò Sí": Ọ̀rọ̀ Nípa Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan Lórí Gíláàsì

  Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ rọra sọ̀rọ̀, a kì í gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán," mo gbọ́ yín. Màá rọra sọ ọ́ lónìí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo gbé wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ iṣẹ́ mi. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ni mo ti ń jẹun. Nàìjíríà ni mo ti kọ́ ọ, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe é báyìí. Tí mo bá ní máíkíróskóòpù ni mò ń lò, àwọn èèyàn á ní, "Háà, ẹ̀rọ ńlá!" Ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Nǹkan kékeré tí à ń gbé sábẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: pẹlẹbẹ gíláàsì tí à ń pè ní sláìdì, àti bí a ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ ṣe Kérésìmesì nílé, ní Ìjẹ̀bú. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó padà dé, ó lo bí ọjọ́ mẹ́wàá, ni ara ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, orí ń fọ́ ọ, òtútù ń mú un. Ó rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Màmá ẹ̀ ló fipá mú un lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí kòkòrò ibà, àmọ́ kó padà wá lọ́la kí wọ́n tún un wò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní òun ò lọ mọ́. Màmá ẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó sì gbé fóònù fún un.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Wọ́n ti ní kò sí ibà. Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ní kò sí ni, àbí wọ́n ní àwọn ò rí i?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìkan náà ni?"

Kì í ṣe ìkan náà o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò níbí lónìí nìyẹn. Kó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ wo ohun tí à ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wo gíláàsì náà. Gígùn ẹ̀ jẹ́ 75 mm, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 25 mm, ó sì nípọn tó 1 mm. Ìwọ̀n yìí ti pẹ́. Láyé àtijọ́, eyín erin tàbí egungun pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń lu ihò sí, wọ́n á wá fi ohun tí wọ́n fẹ́ wò há sáàárín awẹ́ mica méjì nínú ihò náà. Kálukú ló ń gé tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí àwọn onímáíkíróskóòpù dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1839, wọ́n fẹnu kò sí gíláàsì tó gùn ní íǹṣì 3, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 1. Òun náà la ṣì ń lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sláìdì tí wọ́n bá ṣe ní Òṣogbo lónìí, tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù ní Toronto lọ́la, rẹ́gí ló máa wọ̀ ọ́.

Gíláàsì yìí gbọ́dọ̀ mọ́. Kì í ṣe mímọ́ ojú nìkan. Ọ̀rá tó wà lórí ìka yín, tẹ́ ò rí, ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lórí ẹ̀. Ibi tí ọ̀rá bá wà, ihò ló máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ́. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń di sláìdì mú létí, a kì í fọwọ́ kan ojú ẹ̀.

Igun kan gíláàsì náà máa ń rí bátabàta, kì í dán. Ibẹ̀ la ń kọ orúkọ sí, pẹ́ńsù la sì fi ń kọ ọ́. Kí ló dé tí a ò lo bírò? Ìyà ló kọ́ mi o. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo fi bírò kọ orúkọ aláìsàn mẹ́ta. Mo ki àwọn sláìdì náà bọ inú methanol, ìyẹn ọtí kan tí ẹnikẹ́ni kì í mu. Ìgbà tí mo yọ wọ́n jáde, gíláàsì mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta, orúkọ kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Methanol ti fọ yíǹkì lọ. Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Lọ pe àwọn èèyàn náà padà, kó o sì bẹ̀ wọ́n." Màmá àgbà kan na ìka wọn sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gún un, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ èyí tó máa kẹ́yìn." Láti ọjọ́ náà, pẹ́ńsù kì í wọ́n lápò mi.

Ó wá kan ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀nà méjì la máa ń gbà tẹ́ ẹ, ìkọ̀ọ̀kan ló sì níṣẹ́ tiẹ̀.

Àkọ́kọ́, èyí tó ki. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, a ó fi igun sláìdì mìíràn rò ó yíká títí á fi fẹ̀ tó 1 cm. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ki jù? Ẹ gbé e lé ìwé ìròyìn. Tẹ́ ẹ bá ṣì lè fi agbára káká ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó dára. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má yá a níná. Nílé, ẹ tún gbọ́dọ̀ bò ó, torí eṣinṣin máa ń bà lé e, á sì jẹ ẹ́.

Èkejì, èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ̀kán kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ó mú sláìdì mìíràn tí etí ẹ̀ dán, a ó dà á dagun bí ìwọ̀n 45, a ó fà á sẹ́yìn títí á fi kan ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ á sáré gba etí gíláàsì náà lọ. Ìgbà yẹn la ó wá tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró. Tọ́wọ́ bá gbọ̀n, ó ti bàjẹ́. Tó bá dára, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́lẹ́ lọ títí bí ahọ́n, níbi tí ahọ́n náà parí sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tò ní kọ̀ọ̀kan-kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò ní gun orí èkejì.

Lẹ́yìn náà ló kan aró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rí, ẹ ti rí àdìrẹ. Aláró kì í kàn ju aṣọ sínú ìkòkò. Ó ti kọ́kọ́ fi ìko so ó, tàbí kó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i. Ibi tó so tàbí tó fi ẹ̀kọ bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ ló ń sọ ohun tí aró máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Èyí tó fẹ́lẹ́, a ó kọ́kọ́ fi methanol mú un dúró, kí sẹ́ẹ̀lì má bàa bẹ́. Èyí tó ki, a ò ní jẹ́ kí methanol kàn án, torí a fẹ́ kí omi inú aró tú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ká, kó sì ku kòkòrò nìkan pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun. Gustav Giemsa, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Hamburg, ní Jámánì, ló gbé aró tí a ń lò yìí jáde lọ́dún 1904. Á pa ara kòkòrò ibà láró búlúù, á sì pa kókó inú ẹ̀ láró pupa. Nínú sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò tó kéré á wá dà bí òrùka tó ní òkúta pupa kan lórí.

Èwo ló wúlò jù nínú méjèèjì? Àtèyí tó ki àtèyí tó fẹ́lẹ́, a nílò wọn. Èyí tó ki ló ń sọ bóyá kòkòrò wà, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lójú kan. Ó fi ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ mọ kòkòrò rí ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló ń sọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti iye sẹ́ẹ̀lì tó ti wọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn wà lára ohun tí dókítà fi ń mọ̀ bóyá oògùn oníhóró ló máa fún yín, àbí ẹ máa gba oògùn sínú iṣan. Àyẹ̀wò kan tún wà tó ń yọ ìlà jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ kì í ka iye.

Ó ṣẹ́ ku ìṣirò kan. Tí a bá ń wo èyí tó ki, a máa ń wo ojú ibi 100, ó kéré tán, ní ìlọ́po 1,000. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a rí ní ojú ibi 100 yẹn, tẹ́ ẹ bá pín ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ọ̀nà igba, bí ìpín kan ló jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà tó bíi lítà 5. Ẹ wá rò ó wò.

Kòkòrò náà tún gbọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, Plasmodium falciparum, tó bá ti ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé á lẹ̀ mọ́ ara iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹ̀yà ara, kò ní bá ẹ̀jẹ̀ yòókù rìn. Wákàtí kan wà tó máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a fà lápá yín, òmíràn wà tó máa ṣọ̀wọ́n. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan sí méjì kí wọ́n tó lè sọ pé kò sí.

Ọmọ náà gbọ́rọ̀, ó padà lọ. Sláìdì kejì ni wọ́n ti rí i. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ ti yá. Tó bá jẹ́ pé ó dúró sílé ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, tẹ́ ẹ bá lọ sílé, ẹ lo oògùn tó ń dènà ibà bí dókítà ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì lò ó parí. Ẹ má sọ pé, "Ọmọ Yorùbá ni mí, ibà ò lè ṣe mí ní nǹkan." Ẹni tí wọ́n bí síbí, ara ẹ̀ ò mọ ibà rí. Àwọn òbí yín tó ti pẹ́ níbí pàápàá, agbára tí ara wọn ní tẹ́lẹ̀ ti dín kù. Tí ara yín bá gbóná láàárín ọdún kan tẹ́ ẹ padà dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́, "Mo ti dé Nàìjíríà." Ẹ má kọ́kọ́ gbé oògùn ibà tó ṣẹ́ kù nínú báàgì mì, torí ó lè dín kòkòrò kù débi tí ojú wa ò ní rí i, kó má sì pa á tán. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà. Tí wọ́n bá tún ní ọ̀túnla, ẹ padà.

Ẹnì kan wà nínú yàrá tẹ́ ò ní rí, tó fọ gíláàsì náà mọ́, tó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín, tó sì dojú bo máíkíróskóòpù nítorí yín. Ẹ jẹ́ kó rí ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtilọ sílé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ, á máa ṣọ́ wa bọ̀. Ó dìgbà kan ná o.