Ìsinmi Kọ́ ni Oògùn Orúnkún

Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe ní Kano yìí, orúnkún àwọn àgbà ni mo sì ń tọ́jú jù.

Kí n tó kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ṣe àṣìṣe kan. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìyá mi, èmi àti àwọn àbúrò mi ní kí wọ́n má ṣe nǹkan kan mọ́. A ń bá wọn pọnmi, a ń bá wọn lọ sọ́jà, ibi tí wọ́n jókòó sí la ń gbé oúnjẹ bá wọn. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, màmá kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi bí ẹni méjì bá fà wọ́n. Àìsàn nìkan kọ́ ló fà á. Àwa ọmọ bá a dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun funfun kan wà tó ń yọ̀, irú èyí tí a máa ń rí lórí eegun itan adìyẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun fara gbo ara wọn ní orúnkún. Ọjọ́ orí, ìsanrajù tàbí ìpalára àtijọ́ lè mú kó máa jẹ. Oríkèé á máa ro, á sì le gbagidi láàárọ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù ara. Bí a bá jókòó sójú kan, iṣan náà á rọ, gbogbo ẹrù á já lé oríkèé. Ìrora á pọ̀ sí i, a ó sì tún jókòó sí i.

Ohun mẹ́ta tí ẹ lè ṣe nílé nìyí:

1. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú kó gún. Ẹ ka ení dé àrún kí ẹ tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

2. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún kan sókè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì sókè díẹ̀ láì ká a, ẹ ka ení dé àrún.

3. Ẹ dìde lórí àga tó ga, kí ẹ tún rọra jókòó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má fọwọ́ ti àga.

Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 10, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ẹ má sé èémí. Bó bá ti rọrùn, ẹ bu iyanrìn díẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ìrora díẹ̀ kò burú. Bó bá di ọjọ́ kejì tó ṣì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dín in kù. Ṣùgbọ́n orúnkún tó wú tó sì gbóná, tàbí tó ṣubú tí kò lè tẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má sọ pé ara ti gbó jù. Ní 1990, àwọn oníṣègùn ní Boston, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn arúgbó ẹni ọdún 86 sí 96 tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára itan àwọn tó parí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ.

Ìyá mi lo oṣù mẹ́ta. Orúnkún wọn kò di tuntun, nítorí ohun tó ti jẹ kì í hù padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá dìde, wọ́n sì ń dá lọ sọ́jà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bá wọn kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.

A ó dàgbà, a ò ní di ẹni à ń gbé kiri.