Òkú Tí Ń Rìn àti Alààyè Tí Ń Pànìyàn

Kókó ọ̀rọ̀ alẹ́ òní ni ìpànìyàn: ìgbà wo ni ó tọ́ kí ènìyàn pa ènìyàn, ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè àtayébáyé ni, ṣùgbọ́n eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ni ètò yìí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọlé eré náà ni The Walking Dead, èyí tí ó túmọ̀ sí Òkú Tí Ń Rìn. Ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn, oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ó sì parí. Ìwé ìtàn alàwòrán tí Robert Kirkman bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 2003 ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé akúdàáyà ni àwọn òkú inú eré yìí. Akúdàáyà tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ ara rẹ̀. Yóò kúrò ní ìlú tí ó kú sí, yóò lọ tẹ̀dó sí ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, yóò fẹ́ ìyàwó, yóò sì máa ṣòwò, títí ojúlùmọ̀ yóò fi pàdé rẹ̀ tí yóò sì pòórá. Òkú inú eré yìí kò ní iyè, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò mọ ọmọ, kò sì mọ aya. Ebi ni ó ń darí rẹ̀, ẹran ara ènìyàn ni ó sì ń jẹ. Ẹni tí ó bá bù jẹ yóò kú, yóò sì dìde bí òkú tí ń rìn. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹni tí kò bù jẹ pàápàá, bí ó bá kú ikú mìíràn, yóò dìde bákan náà, nítorí àrùn náà ti wà lára gbogbo ènìyàn.

Síbẹ̀, kì í ṣe òkú ni ọ̀rọ̀ eré náà dá lé lórí. Nígbà tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, òkú a wá dà bí òjò àti ọyẹ́, ohun tí ènìyàn ń ṣọ́ra fún tí kì í sì í bá jiyàn. Alààyè ni ó ku ìṣòro. Kò sí ìjọba mọ́, kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ọlọ́pàá. Rick Grimes, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ìtàn náà, ti jẹ́ agbófinró rí, ṣùgbọ́n orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó wà, láìmọ ara rẹ̀, nígbà tí òfin tí ó ń ṣọ́ pa run. Kò sí ẹni tí kò pàdánù ọmọ, tàbí aya, tàbí ọkọ. Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ìpànìyàn ti dìde.

Hershel ni ó kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn. Àgbẹ̀ ni, ó sì tún jẹ́ oníṣègùn ẹran. Ó ti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò tí ó ti di òkú tí ń rìn mọ́ inú abà ńlá kan, wọ́n sì ń fi adìẹ bọ́ wọn. Ní ojú tirẹ̀, aláìsàn ni wọ́n, ìwòsàn lè dé lọ́jọ́ kan. Shane, ọ̀rẹ́ Rick, kà á sí ìwà òmùgọ̀. Ní ọdún 2011, ó fọ́ ilẹ̀kùn abà náà, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn òkú náà bí wọ́n ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jáde kẹ́yìn ni Sophia, ọmọdébìnrin tí wọ́n ti ń wá nínú igbó láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo àwọn tí ó ń yìnbọn dúró gbagidi. Àwọn tí ó ti ń fi Hershel ṣe ẹlẹ́yà rí i pé nígbà tí ó kan ọmọ tiwọn, ọwọ́ kò lè fa ìbọn. Rick ni ó pàpà bọ́ síwájú tí ó yìnbọn náà. Ẹni tó kan ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ dé ní ọdún 2012. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Randall, wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ó yìnbọn sí Rick àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Irin ọgbà gún un lẹ́sẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá fi í sílẹ̀, Rick sì gbé e wá sílé láti tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó lè mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí oko tí wọ́n ń gbé. Rick àti Shane, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan, fohùn ṣọ̀kan lórí èyí: kí wọ́n pa á. Dale nìkan ni ó yarí. Àgbàlagbà ni, kò sì ní agbára kankan ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ní nítorí ohun tí ọmọ náà kò tí ì ṣe ni wọ́n ṣe fẹ́ pa á. Ó tọrọ ọjọ́ kan péré, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé jókòó, Andrea, tí ó ti jẹ́ agbẹjọ́rò rí, ni ẹnì kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ lé Dale. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Carol, ìyá Sophia, ní kí wọ́n má ṣe bi òun ní ohunkóhun. Kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Dale sì sọ fún un pé ẹni tí ó dákẹ́ àti ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí ẹ̀yin òǹwòran má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ Carol yìí, nítorí yóò tún padà wá.

Rick kò pa Randall ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó ti gbé ìbọn sókè, Carl ọmọ rẹ̀ yọ sí wọn, ó sì ń rọ bàbá rẹ̀ pé kí ó yìn ín. Ohùn ọmọ náà ni ó mú kí ọwọ́ Rick rọ. Ní alẹ́ yẹn kan náà, òkú kan fa ikùn Dale ya nínú pápá, Daryl sì ní láti yìnbọn pa á kí ìrora rẹ̀ lè dópin. Kò pẹ́ tí Shane fi pa Randall níkọ̀kọ̀. Kò pẹ́ tí Rick náà fi pa Shane, nítorí Shane ti fẹ́ pa á. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ ìta ni ó ń bà wọ́n, inú ilé ni ikú sì ti wá.

Carol tí ó ní kí wọ́n má bi òun ni ó wá di ẹni tí kì í bi ẹnikẹ́ni. Ọkọ tí ó ń lù ú ni ó ní tẹ́lẹ̀; ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí sì ti inú abà jáde bí òkú. Ó pinnu pé ọmọ ẹlòmíràn kò ní í kú nítorí àìlágbára òun mọ́. Ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ń gbé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àrùn kan tí ó jọ ọ̀fìnkìn líle bẹ́ sílẹ̀. Karen àti David wà lára àwọn tí ó dùbúlẹ̀. Carol pa àwọn méjèèjì, ó sì sun òkú wọn, kí àrùn náà má baà tàn. Ìgbìmọ̀ kan wà ní ibẹ̀ tí ó ń ṣètò ìlú, Carol fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Kò sọ fún wọn. Nígbà tí Rick mọ̀, òun náà kò pe ìgbìmọ̀. Ó mú Carol jáde bí ẹni ń lọ wá oúnjẹ, ó fún un ní ọkọ̀, ó sì lé e lọ. Carol nìkan dá ẹjọ́ ikú, Rick nìkan sì dá ẹjọ́ Carol.

Ẹni tí ó wà ní òdìkejì Carol ni Morgan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ di òkú tí ń rìn, Morgan na ìbọn sí i, kò sì lè yìn ín. Ìyàwó náà ni ó padà bù Duane ọmọ wọn jẹ. Orí Morgan dàrú, ó sì ń pa ẹnikẹ́ni tí ó bá rí, títí ó fi bọ́ sí ọwọ́ Eastman. Eastman ti jẹ́ dókítà tí ń yẹ ọpọlọ àwọn ọ̀daràn wò. Ọ̀daràn kan pa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Eastman jí ọkùnrin náà gbé, ó sì fi ebi pa á fún ọjọ́ 47 títí ó fi kú. Ohun tí ó rí nínú rẹ̀ ni pé ikú ọkùnrin náà kò fún òun ní àlàáfíà. Láti ìgbà náà ni ó ti búra pé òun kò ní í pànìyàn mọ́. Ó kọ́ Morgan ní àíkídò, ọgbọ́n ìjà àwọn ará Jàpáànù tí ènìyàn fi lè borí ọ̀tá láìpa á. Morgan di ẹni tí ń rin ìrìn àjò pẹ̀lú ọ̀pá, tí ó gbà pé ẹ̀mí kò láàrọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀mí apànìyàn.

Àwọn méjèèjì wá pàdé ní ìlú Alexandria. Ẹgbẹ́ kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Ìkookò ya wọ ìlú náà, wọ́n sì pa ènìyàn púpọ̀. Morgan mú ọ̀kan nínú wọn, ó sì fi í pamọ́ bóyá yóò yí padà. Nígbà tí Carol mọ̀, ó fẹ́ pa á. Morgan dènà, àwọn méjèèjì sì wọ̀yá ìjà. Níbi tí wọ́n ti ń jà ni ẹlẹ́wọ̀n náà ti bọ́, tí ó sì mú Denise, oníṣègùn ìlú, lọ bí ẹrú. Ọ̀rọ̀ Carol ti fẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ní òde, ẹlẹ́wọ̀n yìí gba Denise sílẹ̀ lọ́wọ́ òkú, òkú sì bù ú jẹ lápá. Ọ̀rọ̀ Morgan náà ti ń jọ òótọ́. Ibẹ̀ ni ọta ìbọn Carol ti bá a. Bóyá ó ti ń yí padà lóòótọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn náà dorí kodò. Carol bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye ẹni tí ó ti pa sínú ìwé. Ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì fi ìlú sílẹ̀ kí ó má baà tún pa ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2016, ọ̀tá kan fẹ́ yìnbọn pa á ní ojú ọ̀nà. Morgan tí ó ti búra ni ó dé, òun ni ó sì pa ọkùnrin náà kí Carol lè yè. Carol wá sí ìhà Morgan, Morgan sì kọjá sí ìhà Carol. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òfin Carol àti òfin Morgan kò ti inú ìrònú wá. Ojú ọgbẹ́ ni òfin méjèèjì ti hù. Bí ọgbẹ́ bá sì yí ojú padà, òfin náà yóò yí padà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tí ń tẹ̀ lé ìpayà ńlá sínú ìwé àrùn wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ohun tí ojú àwọn ọmọ ogun tí ó ti Vietnam dé ń rí. Jonathan Shay, dókítà tí ó tọ́jú irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, kọ ìwé kan ní ọdún 1994. Ó fi hàn pé ọgbẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti ìpayà: ọgbẹ́ ẹni tí ó rí i tí aláṣẹ da ohun tí ó tọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n fi ti ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀ kún un. Ìwé tí Carol ń kọ orúkọ sí kò jìnnà sí èyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ Negan. Negan fọ́ orí Glenn, ọkọ Maggie, pẹ̀lú kóńdó tí wọ́n wé wáyà ẹlẹ́gùn-ún mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn Rick ni ó kọ́kọ́ wọ àgọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Negan lóru, tí wọ́n sì gún wọn pa lójú oorun. Glenn pàápàá, tí kò pa alààyè rí, gún ẹni tí ó ń sùn, ó ń sunkún. Nígbà tí Rick ṣẹ́gun Negan ní ọdún 2018, ó kọ̀ láti jẹ́ kí ó kú, nítorí Carl ọmọ rẹ̀ tí ó ti kú ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ogun dópin. Maggie ké gbàjarè pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Rick kò dá a lóhùn. Ẹ̀wọ̀n tí ó fi Negan sí lè tọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti lé Carol lọ láìbi ẹnikẹ́ni ni ó ṣe dá Negan sí láìbi opó náà.

Ìdí nìyí tí Maggie fi gbé ọ̀pá irin lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún yẹn kan náà. Negan tí ó bá níbẹ̀ ti di ẹdun arinlẹ̀; ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa òun, kí òun lè lọ bá ìyàwó òun tí ó ti kú. Maggie sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ìdáríjì kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Negan bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó pa lẹ́kún.

Àwọn kan yóò ní Carol ni ó jàre, nítorí òkú kò lè dá ìlú sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní Morgan ni, nítorí ìlú tí ó bá ń fi ìpànìyàn gbé ara rẹ̀ ró kò yàtọ̀ sí agbo òkú. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Ohun tí kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, lè gbé ẹjọ́ ikú àti ìyè lórí kí ó má ṣubú. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Lẹ́yìn tí Maggie so ọkùnrin kan rọ̀ ní gbangba, Michonne dá a lábàá pé kí àwọn ìlú jọ kọ ìwé òfin. Ohun tí Dale ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn ní ọdún 2012, nígbà tí gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ìka náà gún lójú. Níbi tí kò bá sì ti sí ọba, àwọn tí ó kù gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Kí wọ́n gbọ́ ti ẹni tí ń sunkún, kí wọ́n má sì fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òǹwòran, ẹni tí ó bá dákẹ́ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀.