Ta Ló Ń Yẹ Ìdí Kọ̀ǹpútà Wò?

ATỌ́KÙN: Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, kernel Linux ló wà nídìí ẹ̀, èyí tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1991. Kernel ló ń pín mẹ́mórì fún áàpù, òun ló ń pinnu ẹni tó lè fọwọ́ kan kí ni. Olè tó bá ráyè débẹ̀ ti gba gbogbo ilé.

Ètò inú kernel yìí tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú èèyàn ò ká a. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Alexander Popov fi kọ irinṣẹ́ kernel-hardening-checker. Ẹ ó gbé fáìlì ètò kernel yín fún un, á fi wé ohun tí àwọn onímọ̀ ààbò dámọ̀ràn, á wá kọ OK tàbí FAIL síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan: kernel.dmesg_restrict. Kernel máa ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Tí ètò yìí bá wà ní 0, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sórí ẹ̀rọ náà lè ka àkọsílẹ̀ ọ̀hún, kó fi wá ibi tí yóò gbà ṣọṣẹ́. Tó bá wà ní 1, ọ̀gá ẹ̀rọ nìkan ló lè kà á.

FAIL ò sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ o! Àwọn ètò ààbò kan máa ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ pa wọ́n; irinṣẹ́ yìí kì í sì í tún nǹkan kan ṣe fúnra ẹ̀. Bí ìpinnu ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ tó ń lo Linux, ẹ tẹ àṣẹ sysctl kernel.dmesg_restrict sínú terminal, ẹ ó rí iye tiyín.